"Gbogbo gull jọra lójú mi": ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ ni, a sì jáde lọ sétí òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá gull, ìyẹn àwọn ẹyẹ etí òkun kan, mọ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó ṣáájú wa ń pe orúkọ lọ ni: Herring Gull nìyẹn, Lesser Black-backed nìyí, Great Black-backed ló wà lẹ́yìn yẹn, Common Gull, Black-headed Gull. Gbogbo èèyàn ń mi orí, èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo tọ́ka sí ọ̀kan tó jẹ́ búráùn látòkè délẹ̀, mo ní irú míì nìyí, wọ́n ní rárá o, Herring Gull kan náà ni. Ìwé ní kí n máa wo ẹsẹ̀, mo wo ẹsẹ̀, mo tún ṣì í. Nígbà tó yá àwọn àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ ń jiyàn lórí ẹyẹ kan, wọn ò rí orúkọ fún un títí a fi kúrò níbẹ̀. Ṣé ojú mi ni ò dáa ni, àbí kí n ra telescope, àbí kí n kúkú máa wo àwọn ẹyẹ tó rọrùn? A tún ń jáde lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ránṣẹ́."

Ẹ kú ìbéèrè o. Kí n tètè sọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe ojú yín. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọkàn yín bàjẹ́, torí ó jọ pé gbogbo èèyàn yòókù ti rí nǹkan kan tí ẹ̀yin nìkan ò rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó èèyàn lọ sétí òkun lọ wo ẹyẹ, mo dẹ̀ lè fi dá yín lójú pé orí tí wọ́n ń mì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe pé wọ́n ti dá ẹyẹ mọ̀. Tí mo bá ní kí ẹnì kan nínú wọn wá Herring Gull míì fún mi nínú agbo kan náà, láìjẹ́ pé mo tọ́ka sí nǹkan kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dákẹ́. Gull le. Àwọn tó ti ń wo ẹyẹ láti kékeré gan-an, tí wọ́n mọ ẹyẹ inú igbó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró ti agbo gull, wọ́n á kàn kọjá lọ ni. Ẹ̀yin dúró, ẹ wò ó, ẹ tún wá bèèrè, ìyẹn wù mí púpọ̀.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbà gbọ́ nípa àwọn ẹyẹ yìí tí ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń dà yín láàmú. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ẹ rò pé tí àwọ̀ bá ti yàtọ̀, irú ẹyẹ ti yàtọ̀ nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣi èèyàn lọ́nà, àmọ́ fún gull, á ṣì yín lọ́nà lójoojúmọ́. Herring Gull tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìtẹ́, búráùn ni látorí dé ìrù, àgógó ẹ̀ dúdú, ojú ẹ̀ dúdú, àmì tótòtó kún gbogbo ara ẹ̀. Bàbá àti ìyá tó bí i dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú, àyà funfun báláú, àgógó yẹ́lò. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún á ní irú méjì ni, kò sì jẹ̀bi. Ó máa ń gba ọmọ yẹn tó ọdún mẹ́rin kó tó dà bí àwọn òbí ẹ̀, gbogbo àárín ọdún mẹ́rin yẹn dẹ̀ rèé, ara ẹ̀ ò dúró sójú kan, ìyẹ́ kan ń já bọ́, òmíì ń hù dípò, búráùn ń dín kù, eérú ń pọ̀ sí i, tó jẹ́ pé ẹyẹ tẹ́ ẹ rí lóṣù kẹsàn-án, tẹ́ ẹ bá tún bá a pàdé lóṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ lè má mọ̀ pé òun náà ni.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣá. Àwọn ńlá, ìyẹn Herring Gull, Lesser Black-backed àti Great Black-backed, nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Common Gull tí ò tóbi tó wọn ń lo bí ọdún mẹ́ta. Black-headed Gull tó kéré jù nínú àwọn márààrún tí wọ́n pè fún yín, ọdún méjì péré. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, ẹ fi mẹ́ta kún un, ẹ tún fi méjì kún un, mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Ìrísí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kó síwájú yín láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú orúkọ márùn-ún, a ò sì tíì ka àwọn tó wà láàárín ìyípadà, tí wọn ò tíì kúrò ní ti ọdún kan, tí wọn ò sì tíì dé ti èkejì. Tí wọ́n bá kó èdè mẹ́tàdínlógún ka ẹnikẹ́ni níwájú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní í gbọ́ ọ. Níbi tí mo ti rò pé ẹni tó ṣáájú yín ti yára jù nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi ṣe é, ó fẹ́ kẹ́ ẹ rí gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sílé.

Torí náà ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín tẹ́ ẹ bá rí gull ni pé "ọmọ ọdún mélòó ni?" Ẹ jẹ́ kí orúkọ dúró ná. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìgbà téèyàn ń lọ yíká, àmọ́ tí ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí ẹyẹ, gbogbo àmì tí ìwé ní kẹ́ ẹ wò á máa tàn yín jẹ. Ẹ gbé awò yín lé àgógó ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nínú àwọn ńlá, èyí tó wà nínú òtútù ẹ̀ àkọ́kọ́, àgógó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá, ẹyinjú ẹ̀ náà dúdú. Nígbà òtútù kejì, ìdí àgógó á ti máa di pínkì tàbí àwọ̀ ẹran ara, ṣóńṣó ẹ̀ á ṣì dúdú, ẹyinjú Herring Gull á ti máa mọ́lẹ̀, àwọn ìyẹ́ eérú kan á sì ti máa yọ lẹ́yìn ẹ̀ láàárín búráùn, wọ́n á hàn gbangba torí pé wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n tutù lójú, nígbà tí búráùn tó yí wọn ká ti ṣá, etí ẹ̀ ti jẹ dànù. Nígbà òtútù kẹta, ẹ̀yìn á ti di eérú púpọ̀, àgógó á ti ní yẹ́lò díẹ̀ pẹ̀lú ìlà dúdú tó dábùú ẹ̀, búráùn á kàn kù sórí apá. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìrù: ìrù àgbà funfun láìní àbùkù, tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú fífẹ̀ kan lópin ìrù, ọmọdé ni, ìdúdú yẹn dẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún ni. Àgógó, ẹyinjú, ẹ̀yìn, ìrù. Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, kódà tí ẹyẹ náà bá fò kẹ́ ẹ tó parí, ẹ ti mọ ohun kan nípa ẹ̀.

Àmì pupa kan wà nísàlẹ̀ àgógó àgbà Herring Gull, nítòsí ṣóńṣó ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i tó pupa dáadáa lórí àgógó yẹ́lò tí kò ní dúdú kankan mọ́, àgbà lẹ ń wò. Àmì yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe o. Ọmọ tó wà nínú ìtẹ́ máa ń sọ ọ́ lẹ́nu, òbí á sì pọ oúnjẹ jáde fún un. Niko Tinbergen, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, ló gbé orí ẹyẹ tó fi pátákó ṣe, tó kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, síwájú àwọn ọmọ gull láti mọ ohun tí wọ́n ń wò gan-an, ó wà lára iṣẹ́ tó sọ ọ́ dẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri, òun àti Konrad Lorenz àti Karl von Frisch ló dẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tí mo bá kó jáde, torí téèyàn bá mọ iṣẹ́ tí àmì kan ń ṣe, kì í gbàgbé láti wò ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wá kàn. Ìwé ò parọ́ fún yín, ó kàn sọ̀rọ̀ lórí àgbà ni, kò sì tẹnu mọ́ ọn. Àgbà Herring Gull, ẹsẹ̀ pínkì. Àgbà Lesser Black-backed, ẹsẹ̀ yẹ́lò. Àgbà Great Black-backed, pínkì tó ti ṣá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ Lesser Black-backed kì í ní ẹsẹ̀ yẹ́lò, pínkì ṣíṣá ni tiẹ̀ náà, ó máa tó ọdún bíi mélòó kan kó tó yí padà, torí náà tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ pínkì sọ ẹyẹ búráùn kan di Herring Gull, ẹ ti ṣubú sínú kòtò yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yẹ́lò ẹsẹ̀ máa ń ṣá nígbà òtútù, ẹrọ̀fọ̀ máa ń bò ó, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ máa ń sọ gbogbo ẹsẹ̀ di ọsàn. Àwọn Herring Gull kan tiẹ̀ wà ní agbègbè Òkun Baltic tí wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹ́lò, ẹ̀yà míì tún wà tó ń jẹ́ Yellow-legged Gull lọ́tọ̀. Ẹ máa wo ẹsẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ orí ni, kẹ́ ẹ má dẹ̀ fi òun nìkan ṣèdájọ́ láéláé.

Títóbi náà ń tan èèyàn jẹ. Great Black-backed ni gull tó tóbi jù láyé, apá ẹ̀ tó bá là máa ń ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, Black-headed Gull dẹ̀ wà níbẹ̀ tí gígùn ara ẹ̀ ò ju bíi 35 sí 40 sẹ̀ǹtímítà. Tí àwọn méjèèjì bá dúró pọ̀, kò sí ìjiyàn. Àmọ́ ẹyẹ tó bá dá dúró lórí iyanrìn, kò ní títóbi kankan tẹ́ ẹ lè gbára lé, ohun tí ojú yín bá fẹ́ ló máa sọ ọ́ dà. Akọ tún máa ń tóbi ju abo lọ nínú wọn, àgógó ẹ̀ á sì nípọn, débi pé akọ Herring Gull kan àti abo kan tó dúró tì í lè dà bí ẹ̀yà méjì. Ẹ máa wá ẹyẹ míì tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ tẹ́ ẹ ń wò.

Eérú ẹ̀yìn wọn náà, ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ gbà wò ó. Oòrùn tó mú gan-an máa ń jẹ́ kí eérú ṣá dà bí funfun, ẹyẹ tó bá sì yí ara díẹ̀ péré, eérú ẹ̀ á ti yí padà. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ló dáa jù fún gull, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àgbà Lesser Black-backed tó dúró: ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ eérú tó ṣú, àmọ́ ṣóńṣó apá ẹ̀ tó yọ sẹ́yìn lórí ìrù dúdú jù ú lọ, ẹ máa rí ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Lára Great Black-backed, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tó ṣóńṣó apá, ẹ ò ní í fi bẹ́ẹ̀ rí ààlà. Ìyẹn wúlò ju títóbi lọ tí ẹyẹ bá dá wà. Àmọ́ ó níbi tó mọ, torí pé àwọn Lesser Black-backed kan wà tí ẹ̀yìn wọn dúdú kirikiri, pàápàá àwọn tó ń wá láti apá àríwá Yúróòpù.

Nǹkan tí ò jọ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín rárá ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ìyẹ́. Àgbà àwọn gull ńlá máa ń pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àkókò tí wọ́n ń tọ́mọ lọ́wọ́, wọ́n á máa bá a lọ títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn ìyẹ́ gígùn mẹ́wàá tó gbé ṣóńṣó apá, ti inú ló ń kọ́kọ́ já, wọ́n á máa já lọ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà níta pátápátá ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ fojú inú wo apá kan tó là ní oṣù kẹsàn-án: ti inú ti di tuntun, etí wọn funfun mọ́, àlàfo kan wà láàárín níbi tí ìyẹ́ ṣì ti ń hù, lẹ́yìn náà ni méjì tàbí mẹ́ta ti àtijọ́ kù níta, wọ́n ti ṣá di búráùn, wọ́n ti jẹ lẹ́nu. Àmì funfun tó wà lẹ́nu wọn, tí ìwé ní kẹ́ ẹ máa kà, ti jẹ dànù. Ohun tó fà á ni pé èròjà tó ń sọ ìyẹ́ di dúdú tún máa ń jẹ́ kó le, ibi tó funfun ò ní in, torí náà funfun ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tí àwòrán inú ìwé bá wá yàtọ̀ sí ẹyẹ tẹ́ ẹ rí, ẹ wo oṣù tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó bínú sí ara yín. Orí náà ń yí padà: orí Herring Gull tó funfun báláú nígbà tí wọ́n ń tọ́mọ, ìlà búráùn wẹ́wẹ́ á kún un nígbà òtútù, nígbà tí orí àgbà Great Black-backed kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Black-headed Gull tẹ́ ẹ rí nígbà òtútù náà, orí búráùn ṣíṣú ẹ̀ ti lọ, ó wá ku àmì dúdú kékeré kan lẹ́yìn ojú.

Ní ti àwọn àgbà méjì tó ń jiyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́, ohun tó dáa jù tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni lójú tèmi. Àwọn gull ńlá máa ń gun ara wọn láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Ní etíkun Pàsífíìkì ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, Western Gull àti Glaucous-winged Gull ń bímọ fún ara wọn lọ́pọ̀ yanturu débi pé àwọn tó ń wo ẹyẹ níbẹ̀ ti fún àwọn àdàlù yẹn lórúkọ tiwọn, Olympic Gull. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń tún ìlà pa. Ernst Mayr, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, kọ ọ́ ní 1942 pé Herring Gull àti àwọn ìbátan ẹ̀ yí apá àríwá ayé ká bí òrùka, tí aládùúgbò ń bá aládùúgbò bímọ títí tí ìpẹ̀kun méjèèjì fi pàdé ní Yúróòpù tí wọn ò sì da ara pọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí ìwádìí DNA ní 2004 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2024 ni American Ornithological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, pín Herring Gull sí ẹ̀yà mẹ́rin. Torí náà tí ẹni tó ti ń wò ó bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ bá ní "mi ò fún eléyìí lórúkọ", òótọ́ ló ń sọ. Èmi ń fi àwọn kan sílẹ̀ láìlórúkọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde, ọkàn mi dẹ̀ máa ń balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò yín. Ẹyẹ yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ti di eérú, apá ẹ̀ ṣì jẹ́ búráùn tó ti jẹ létí, àgógó pínkì tí apá iwájú ẹ̀ dúdú, ẹyinjú ẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn gull ńlá tó ń lo ọdún mẹ́rin kó tó dàgbà ni, òtútù ẹ̀ kejì ló wà. Dé ibẹ̀, ó dá mi lójú. Ó jọ Herring Gull ju òmíì lọ, àmọ́ eérú yẹn ṣú díẹ̀, mo dẹ̀ rí i pé sánmọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kámẹ́rà sì máa ń sọ ẹyẹ di ṣíṣú tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ohun tí àwọn àgbà yẹn ń jà lé lórí nìyẹn, bóyá Yellow-legged ni, bóyá ọmọ Herring Gull àti Lesser Black-backed ni. Apá ẹ̀ ò là, ìrù ẹ̀ ò hàn, kò sí ẹyẹ míì nítòsí tí mo lè fi wé e. Mi ò ní í fi orúkọ lé e lórí fọ́tò yìí.

Ẹ wá bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra telescope. Mi ò ní í sọ pé kò wúlò, torí gull máa ń dúró lókèèrè, àwọ̀ ẹyinjú dẹ̀ ṣòro láti rí láìsí i. Àwọn tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 20 sí 60 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àmọ́ owó ńlá ni, ó wúwo, ó nílò ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúró dáadáa nínú afẹ́fẹ́ òkun, tí oòrùn bá sì mú orí iyanrìn gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n rìrì débi pé èyí tó dáa jù lọ gan-an ò ní í fi nǹkan kan hàn yín. Báìnókúlà 8x42, ìyẹn awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, tó bá ṣáà ti mọ́, ó tó yín ná. Ẹ máa wo inú telescope àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, kò sí ẹni tó máa dù yín. Tó bá di ìgbà tẹ́ ẹ rí i pé ojú ẹyẹ gan-an lẹ fẹ́ rí tí awò yín ò dé ibẹ̀, àsìkò ti tó nìyẹn. Ápùù orí fóònù tó ń dá ẹyẹ mọ̀, bíi Merlin tí Cornell Lab ṣe, á ràn yín lọ́wọ́ lórí àgbà Black-headed Gull tó dúró dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ gull búráùn fún un, ẹ má gba orúkọ tó bá mú wá láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà dáa fún wíwò nílé, pàápàá tẹ́ ẹ bá ya apá tó là, kẹ́ ẹ kàn má gba ohun tó bá sọ nípa eérú. Ní ti pé kẹ́ ẹ fi gull sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè fipá mú yín, ẹyẹ tó rọrùn pọ̀, ayọ̀ wà nínú wọn. Mo kàn rò pé ẹ máa pàdánù nǹkan kan, torí pé gull kì í sá fún èèyàn bíi tàwọn ẹyẹ igbó, ó máa ń dúró kẹ́ ẹ wò ó tẹ́rùn, kò dẹ̀ sí ẹyẹ tó máa kọ́ yín ní wíwò tó o.

Fún oṣù tó ń bọ̀, ẹ mú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, tó bá jẹ́ Herring Gull, òun náà ni, kẹ́ ẹ wò ó ní gbogbo ọjọ́ orí ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa dá a mọ̀ láti bó ṣe ń rìn àti bó ṣe gbé orí, bẹ́ ẹ ṣe ń dá àbúrò yín mọ̀ látẹ̀yìn lókèèrè. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa pe orúkọ lọ. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá ẹni tó ń ṣáájú sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ dúró ti agbo kan fún ìgbà pípẹ́, kí olúkúlùkù mú ẹyẹ kan, kó sọ ohun tó rí síta lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè sọ. Ẹ mú ìwé kékeré dání, ẹ ya àwòrán ẹyẹ náà sínú ẹ̀, bí àwòrán náà ò tiẹ̀ dáa, torí tọ́wọ́ bá fẹ́ fa ìlà àgógó, ojú gbọ́dọ̀ wo àgógó. Ẹ wo àkókò omi pẹ̀lú: tí omi bá ti fà sẹ́yìn jìnnà, wọ́n á fọ́n ká sórí ẹrọ̀fọ̀, ẹ ò ní í rí nǹkan gidi, àmọ́ ní bíi wákàtí méjì kí omi tó kún tán, á máa tì wọ́n bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Ibi tí odò ti wọ òkun ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń wá wẹ̀ nínú omi tí kò níyọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n bá wẹ̀ tán wọ́n á na apá, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á máa fẹnu tún ìyẹ́ ṣe, apá àti ìrù tí ẹ ò rí nínú fọ́tò yẹn á hàn kedere. Kẹ́ ẹ má sún mọ́ wọn jù ṣá. Tí gbogbo orí bá ti dìde tí wọ́n dákẹ́, ẹ ti sún mọ́ wọn jù, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ẹyẹ tí wọ́n bá lé lórí ibi ìsinmi nígbà òtútù, agbára tó yẹ kó fi la òru yẹn já ló ń ná.

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ wọn fún òrùka náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí máa ń fi òrùka aláwọ̀ tó ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà sí àwọn gull lẹ́sẹ̀, wọ́n ṣeé kà látòkèèrè pẹ̀lú telescope ẹlẹgbẹ́ yín. Kò sí olùkọ́ tó dà bí ìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá ròyìn ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó òrùka ẹyẹ lórílẹ̀-èdè yín, tàbí tẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ EURING tó so ti Yúróòpù pọ̀, wọ́n lè dá yín lóhùn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti fi í sí i lẹ́sẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi í, tó bá dẹ̀ jẹ́ inú ìtẹ́ ni wọ́n ti fi í, ẹ ti mọ ọjọ́ orí ẹ̀ gan-an, ẹ lè wá fi wé ohun tẹ́ ẹ ti kọ sínú ìwé yín nípa àgógó àti ìyẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí ẹyẹ tó fò: àwọ̀ òrùka, àwọ̀ lẹ́tà, ohun tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ látòkè sísàlẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí tòsì, ọjọ́, àti ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Tí lẹ́tà kan ò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì ìbéèrè sípò ẹ̀, ẹ má fi ìméfò dí i.